Ẹni Tó Rí I Ló Ni Ín

Ojú ọ̀run ni Ìyìọlá ń wò bó ṣe ń yí pápá sikéètì ká ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà. Kì í ṣe pé ó ń wá òjò o. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń tọ́jú pápá ìlú Òkè-Àparò, ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń gbé àgbọ̀n sókè bí adìyẹ tó ń gbé omi mì, tí ẹsẹ̀ ń fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà lórí kankéré. Awò tí ìgbìmọ̀ ìlú fi sí i lójú lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ kì í ṣe irú èyí tí à ń lò láti fi ríran. Ohunkóhun tí ojú bá gbé lé títí èèyàn fi mí lẹ́ẹ̀marùn-ún, awò náà á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì pariwo rẹ̀ sétí gbogbo ẹni tó wà nítòsí pé lágbájá ti rí i. Ẹni tó bá sì ti rí ewu, òun ló ni ewu. Ohun tí òfin wí nìyẹn.

Nítorí náà, olùtọ́jú pápá ìlú Òkè-Àparò kò mọ bí ilẹ̀ pápá rẹ̀ ṣe rí, wọ́n sì ń yìn ín fún un. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fún un ní ìwé ẹ̀yẹ: Ìyìọlá Adébọ̀wálé, kò rí ohunkóhun. Mẹ́jọ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló wà lára ògiri ilé kékeré tí iṣẹ́ náà fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà pápá, ilé tó ti ṣe opó, tó sì ti tọ́ ọmọ méjì dàgbà.

Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ kì í wọ awò. Bó ṣe dé etí Kòtò Ńlá, kòtò kankéré fífẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń gun sikéètì, pátákó onítáyà mẹ́rin, wọ̀ fìrì, tí wọ́n á tún gba òdìkejì jáde fìrì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ó mọ ibẹ̀. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni kankéré ti là, tí ọ̀kan nínú àwọn irin tí wọ́n rì sínú rẹ̀ sì ti yọrí síta, ó gùn tó ìka kan. Àwọn ọmọ tó ń gun sikéètì ti sọ fún un títí ó fi sú wọn. "Màámi, irin kan ti yọ o." Òun náà á ní, "Mo ti gbọ́." Gbígbọ́ kì í ṣe rírí. Òfin ò rí nǹkan kan wí sí etí.

Ní Ọjọ́rú, irin yẹn kọ́ táyà sikéètì Ayọ̀kúnnúmi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sì sẹ́ni tó mọ sikéètì gùn jù ú lọ ní gbogbo àdúgbò. Ìyìọlá gbọ́ nígbà tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Ó gbọ́ ọ ketekete, torí ojú ọ̀run ló ń wò, kò sí ohun mìíràn tó gba ọkàn rẹ̀. Òfin kẹtàdínlógún nínú òfin mọ́kànlélógójì tó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹni tó bá ṣubú títí ẹ̀rọ ìgbìmọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn yóò fi wá gbé e, nítorí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ti gba ìṣubú rẹ̀. Odindi ogún ìṣẹ́jú ni ọmọ ọlọ́mọ fi sunkún kí ẹ̀rọ tó dé. Ìyìọlá dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí i, ó ń wo àwọsánmà, omijé ń rọ́ sínú awò. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Àwọn baba wa ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Ní Òkè-Àparò, irọ́ gbuu ni. Ẹni tó jìn sí kòtò, òun nìkan ló jìn. Kòtò ò yí padà, ará ìyókù sì ń tò bọ̀ lẹ́yìn tàwọn ti àṣíborí lórí. Lọ́la Sátidé gan-an, àádọ́rin ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣe Ọjọ́ Eré wọn ní pápá yìí, ní etí kòtò yìí kan náà.

Agogo mọ́kànlá ku díẹ̀ ni Agbẹjọ́rò Ṣógbèsàn dé. Òun ni agbẹjọ́rò ìgbìmọ̀ ìlú, ọkùnrin arẹwà tí kò tíì pé ogójì ọdún, kóòtù rẹ̀ ń dán, awò ìjọba tiẹ̀ náà wà lójú rẹ̀. Ó dúró níwájú ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀.

"Ta ló ń gbé ẹrù rẹ?"

"Èmi ni."

"Bí o bá ṣubú ńkọ́?"

"Èmi ni mo gbé ara mi ṣubú. Ẹnikẹ́ni ò jẹ̀bi."

Ẹnu ọ̀nà na àṣíborí kan sí i, ó sì ṣí. Ṣógbèsàn wọlé, òun náà gbé àgbọ̀n sókè, ó ń fi bàtà wá ilẹ̀. Bí afọ́jú méjì tó pàdé lọ́nà oko ni wọ́n ṣe kí ara wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà."

"Ẹ káàbọ̀, Sà."

"Mi ò ní pẹ́. Bí agogo méjìlá bá ti lù lónìí, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ti tán. Ọjọ́ kẹta pé. Bí kò bá sí ojú kankan tó rí ohun tó gbé e ṣubú kí ọjọ́ kẹta tó pé, a jẹ́ pé òun ló gbé ara rẹ̀ ṣubú. Ohùn yín nìkan ló kù. Ẹ óò dúró síbí, ẹ óò sọ pé ẹ ò rí nǹkan kan, awò tèmi á gba ohùn yín sílẹ̀, ó parí."

"Irin wà níbẹ̀, Sà."

Ó yára gbọ́wọ́ sókè. "Mi ò gbọ́ yẹn."

"Ẹ gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé gbígbọ́ ò ṣe nǹkan kan."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìyáàfin Ìyìọlá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Bí ẹ bá wolẹ̀ báyìí, tí awò yín bá ké, ẹ̀yin lẹ ni irin, ẹ̀yin náà lẹ ni ẹsẹ̀ tó dá. Ẹ̀yin lẹ máa gbé ìtọ́jú ọmọ yẹn títí tó fi máa rìn. Iṣẹ́ lọ nìyẹn, ilé lọ nìyẹn. Ṣé ohun tó yẹ yín nìyẹn lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án?"

"Kí ló dé tí ìgbìmọ̀ ò kúkú wá tún un ṣe?"

"Báwo la ṣe fẹ́ tún ohun tẹ́nikẹ́ni ò rí ṣe? Bí a bá gbé sìmẹ́ńtì débí, a ti gbà pé a mọ̀ nìyẹn."

"Kí alága fúnra wọn wá wò ó."

"Alága kẹ̀?" Ẹ̀rù bà á lóòótọ́. "Bí ojú méjì bá rí i, ojú tí ipò rẹ̀ ga jù ló ni ín. Ẹ ò mọ̀? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dìbò yàn wọ́n, alága ò fẹsẹ̀ kan pápá kankan. Bí wọ́n bá ń gba títì kọjá, wọ́n á di ojú. Èmi náà, mò ń fọgbọ́n ṣe é ni. Ojú tèmi, ojú ìgbìmọ̀ ni."

"Àwọn ọmọ ọ̀la ńkọ́? Àádọ́rin ni wọ́n, Sà."

"Àṣíborí àádọ́rin ti wà nílẹ̀," ni Ṣógbèsàn wí, bí ẹni pé ìyẹn ni ìdáhùn.

Inú bí Ìyìọlá débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ọkùnrin yìí kàwé kàwé, ibi tí ìwé gbé e dé nìyí! Ó wá sí i lọ́kàn láti bọ́ awò náà kó jù ú sígbó, ṣùgbọ́n òfin ti ronú kan ìyẹn náà: ẹni tó bá bọ́ awò lẹ́nu iṣẹ́, a ti kà á sí pé ó rí gbogbo ewu tó wà nílùú. Ọkùnrin kan dán an wò lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Títí dòní, gbogbo kòtò tó bá là ní títì, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sí i.

Ó la ẹnu láti sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ. N kò rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀ nígbà tí ariwo gba ẹnu ọ̀nà.

"Bí o bá ṣubú ńkọ́?" ni ẹnu ọ̀nà ń bi ẹnì kan.

"Ìwọ lo máa ṣubú! Ìwọ àti ẹni tó kàn ọ́! Àgbàlagbà bíi tèmi lo dúró ń ṣépè fún lọ́sàn-án gangan?"

"Bí o bá ṣubú ńkọ́?"

"Ó tún sọ ọ́! Ẹnu ẹ á bó!"

Màmá Rẹ̀mílékún ni, ìyá tó bí ìyá Ayọ̀kúnnúmi, arúgbó ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyìọlá fẹsẹ̀ wá ọ̀nà débẹ̀ kíá. "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ kàn dá a lóhùn pé ẹ̀yin lẹ gbé ara yín ṣubú, á ṣí."

"Kí n fẹnu ara mi sọ pé mo ṣubú? Èmi tí mo dúró ṣánṣán báyìí?"

Ìyìọlá ló bá a sọ ọ́ láti inú. Ẹnu ọ̀nà ò bìkítà nípa ẹni tó sọ ọ́, kí wọ́n ṣáà ti sọ ọ́. Àṣíborí tó na sí màmá ò gba orí gèlè, màmá sì fi kọ́ apá bíi báàgì. Ìyẹn náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àṣíborí ni ẹ̀rọ yẹn ń kà, kì í ka orí.

Ìyìọlá kúnlẹ̀ kí i, ojú rẹ̀ sì wà lókè. "Ẹ kú ewu o, Mà. Ayọ̀kúnnúmi ńkọ́?"

"Kí ló ṣe ọrùn rẹ?"

"Iṣẹ́ ni, Mà."

"Iṣẹ́ burúkú ni." Màmá fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀. "Ọmọ wà níbẹ̀. Wọ́n ti to egungun rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé èmi ni mo tọ́ ọ? Ní kékeré, bó bá ti ṣubú, mo máa ń bá a na ilẹ̀ ni. N óò ní, 'Ilẹ̀ burúkú, kí lọmọ mi fi ṣe ọ́?' Kíá, ẹkún á dá. Lánàá tí ìrora mú un, ó dì mọ́ mi, ó ní, 'Màmá, ṣé ẹ ti bá mi nà án?' Àgbàlagbà ọmọ! Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Mo ní n óò lọ nà án. Mi ò sì pa irọ́ fún un rí. Ojú mi ò ríran bíi tàtijọ́ mọ́, mú mi débẹ̀ kí n nà án, kí n máa lọ."

Bí Ìyìọlá bá fi ojú òkè mú arúgbó tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì dé etí kòtò tó jìn tó ènìyàn méjì, àwọn méjèèjì ló máa bá ara wọn nísàlẹ̀. Bó bá sì wolẹ̀, ilé ti lọ.

"Ìyáàfin Ìyìọlá," ni Ṣógbèsàn pè láti ẹ̀yìn, ó rọra ń sún mọ́ wọn, "ẹ jọ̀ọ́. Wákàtí kan ló kù. Ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n padà wá lọ́la."

"Ta nìyẹn?" ni màmá bèèrè.

"Agbẹjọ́rò ìgbìmọ̀ ni, Mà. Wọ́n ní kí n má wolẹ̀. Bí n kò bá wolẹ̀, kò sí ohun tó gbé Ayọ̀kúnnúmi ṣubú."

"Ṣé àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ò rí i ni? Èmi tí mo wá yìí ńkọ́? Bí mo bá rí i ńkọ́?"

"Ojú tí kò wọ awò, Mà, òfin ò kà á sí ojú," ni Ṣógbèsàn fi ohùn pẹ̀lẹ́ wí.

"Ojú tí mo fi kọ́ ọmọ ìlú yìí ní a-b-d fún ọgbọ̀n ọdún," ni màmá wí, kò sì parí rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ náà ti sú Ìyìọlá. Kò ronú lọ, kò ronú bọ̀. Ó di apá màmá mú, ó sì sọ orí rẹ̀ kodò.

Ọrùn rẹ̀ ké kọ́. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni bàtà ara rẹ̀, tó ti gbó ju bó ṣe rò lọ. Ó rí kankéré, àwọ̀ eérú, àpá táyà lóríṣiríṣi. Ó mú màmá rìn, ìgbésẹ̀ kan, ìgbésẹ̀ kejì, títí wọ́n fi dé ibẹ̀. Irin náà ti dípẹtà, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ti fi ṣọ́ọ̀kì fa òbírí yí i ká, wọ́n sì fi lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: MÀÁMI, IBÍ NI. Ṣọ́ọ̀kì náà ti ṣá. Wọ́n ti tún un kọ lé orí ara rẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, àárọ̀ gbogbo ni Ìyìọlá sì ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Ìtìjú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Kò gbójú kúrò. Ó mí lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó tún mí sí i.

"Ìyìọlá Adébọ̀wálé ti rí i," ni awò rẹ̀ pariwo. "Irin, ìka kan, etí Kòtò Ńlá."

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú kòtò dá sikéètì wọn dúró. Wọ́n gòkè wá, wọ́n pé bíi méjìlá, wọ́n yí wọn ká.

"Òun rèé, Mà," ni Ìyìọlá wí.

Màmá gbé ọ̀pá sókè, ó sì fi bà á. "Irin aláìnítìjú! Ọmọ tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀!" Ó tún bà á. "Kí ló fi ṣe ọ́? Ṣé ilé rẹ ló wá jó? O ò sí nínú ilẹ̀ níbi tí wọ́n fi ọ́ sí, o yọjú wá ṣe ọmọ mi léṣe!" Àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi nà án lẹ́ẹ̀kẹfà, tí ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ṣógbèsàn ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ojú rẹ̀ ṣì wà lọ́run. "Ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣe ara yín, Ìyáàfin Ìyìọlá. Irin ti di tiyín. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ti di tiyín. Kí ẹ kó jáde nílé ìgbìmọ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Bí nǹkan kan bá sì ṣe ọmọ kan lọ́la, tiyín náà ni."

"Mo gbà," ni Ìyìọlá dáhùn, ìbínú sì mú kí ohùn rẹ̀ le. "Tèmi ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ fún oṣù mélòó, mo ń wo òfuurufú, ẹ sì ń fún mi níwèé ẹ̀yẹ. Èmi ò ní sọ pé n kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jókòó kọ òfin pé kí olùtọ́jú má tọ́jú, kí olùṣọ́ má ṣọ́, kí ẹni tó dúró ti ọmọ tó ń sunkún má nawọ́ sí i, irú ènìyàn wo ni yín? Ta ló bí yín?"

"Kí ló ní kí wọ́n ṣe fún ọ?" ni màmá bèèrè. "Wọ́n fẹ́ lé ọ jáde nílé? Nítorí pé o mú mi débí?"

"Ẹ má wulẹ̀ dá sí i, Mà," ni Ìyìọlá wí.

Màmá ju ọ̀pá sílẹ̀. Ó di apá Ìyìọlá mú, ó rọra tẹ orúnkún kan sílẹ̀, ó tẹ èkejì sílẹ̀, gbogbo ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin rẹ̀ sì wà lórí orúnkún méjèèjì lórí kankéré líle, níwájú Ṣógbèsàn. Irin náà wà láàárín wọn.

"Ọmọ mi," ló wí, "mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Má fi tèmi lé ọmọ ọlọ́mọ nílé."

Ṣógbèsàn gbọ́ nígbà tí orúnkún kan ilẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: kó tó kọ́ òfin, ìyá kan ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ yẹn sì wà nínú egungun rẹ̀ níbi tí òfin kankan ò dé. Kí àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé, kí ọmọdé wà lóòró? Èpè ni. Kò tilẹ̀ rò ó.

"Áà! Ẹ dìde, Mà! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi! Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ forí jì mí!" Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, tòun ti kóòtù tó ń dán, àyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Àṣíborí yí gbirigbiri kúrò lórí rẹ̀, ó jábọ́ sínú Kòtò Ńlá.

Màmá gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. "O ò ní ṣubú, ọmọ mi," ló bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ tí o bí ò ní ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, ìyá rẹ ò ní bá ọ sunkún ẹ̀yìn ọ̀la..."

"Àmín," ni Ṣógbèsàn ń wí. "Àmín, Mà." Kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tí í dìde lábẹ́ àdúrà àgbà. Ìgbà tó wí àmín kẹta ni Ìyìọlá rí i tí ejìká rẹ̀ le gbagidi. Imú rẹ̀ ò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí irin náà, ojú rẹ̀ méjèèjì là rekete. Ó lè dì wọ́n. Gbogbo wọn mọ̀ pé ó lè dì wọ́n. Ìyìọlá dúró dè é kó dì wọ́n, inú rẹ̀ sì ń gbóná sí i sílẹ̀. Ọkùnrin náà ń wo irin, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ, ó ń ka ohun tí àwọn ọmọ kọ. Ó mí, ó tún mí.

"Agbẹjọ́rò Ṣógbèsàn ti rí i," ni awò rẹ̀ pariwo. "Ìgbìmọ̀ ìlú Òkè-Àparò ti rí i."

Agogo méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Ṣógbèsàn ò gbórí sókè, ohùn rẹ̀ sì ti kéré bíi ti ọmọ tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ tíṣà.

"Màmá, ṣé kí n dìde?"

"Ṣé o ti wò ó tán?" ni arúgbó náà bi í. "Wò ó dáadáa ná, ọmọ mi, kó o tó dìde."